Ẹ̀wà Ọ̀wẹ̀ Ilé Wa

Wọ́n ti tẹ fọ́tò mi sínú ìwé. Lójú ewé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ ilẹ̀ Kétu ni wọ́n fi mí sí. Mo wé gèlè, mo pa ẹnu dé bí ẹni tí ọbẹ̀ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àgbà obìnrin tó mọ ìdí oúnjẹ ìbílẹ̀ wa ni mí. Nígbà tí ìwé náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ mi ní Kutọnu, àkọ́bí mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà nìyí?" N kò bá a jà. Ó mọ ìyá rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ bíróò ní Kutọnu, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní ìkóríta wa ló bá mi tọ́ wọn dàgbà. Bí mo bá sì ní n ó se ìrẹsì, wọ́n á ti máa wá ẹni tí wọn yóò lọ kí. Ṣùgbọ́n ìwé ti sọ̀rọ̀, ta ni èmi láti jiyàn? Bí ó ṣe jẹ́ tí èmi tí n kò mọ omi yàtọ̀ sí omi fi di ògbóǹtarìgì nínú oúnjẹ, ọdún kan ṣoṣo ló bí i. Ọmọdé ni mí nígbà náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta àsíá tuntun níwájú ilé-ẹ̀kọ́ wa, àwọn àgbà sì ń bi ara wọn léèrè bóyá òmìnira yìí yóò mú òjò dání.

Kò mú un dání. Lọ́dún náà, òjò kò gbọ́ pé a ti gba òmìnira rárá. Orí òkè pẹrẹsẹ ni ilẹ̀ Kétu wà, omi sì jìnnà sísàlẹ̀; apá á ti kú lára okùn kànga kí korobá tó kan omi. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń gbọ́ láàárọ̀ kì í ṣe àkùkọ. Igbá ni, tó ń kan ara ìkòkò, bí àwọn obìnrin agbo ilé wa ti ń múra àtilọ pọnmi. Lẹ́yìn náà ni ọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú ilé ìdáná, ewúrẹ́ á máa lá ìdí ìkòkò àná, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á sì máa bá gbogbo wọn wí lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ewúrẹ́ àti ènìyàn. Ẹ̀kọ ni Ìyá Àgbà ń tà. Èyí tí kò bá dì dáadáa, tí kò ṣeé gbé lọ sọ́jà, òun làwa ọmọdé ń jẹ láàárọ̀, a sì máa ń gbàdúrà kí èyí tí kò dì pọ̀. Lọ́sàn-án, ègbo ni. Nírọ̀lẹ́, ọkà àgbàdo pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá tó ń fà láti inú àwo dé àyà. Bí a bá jẹun tán, a kò gbọdọ̀ da omi ìfọwọ́ nù, ìdí igi ata là ń dà á sí. Ìyá Àgbà a máa ní, "Ẹni tó bá da omi nù nínú ilé yìí, kó máa fi itọ́ ara rẹ̀ wẹ̀." Mo gbà á gbọ́ débi pé mo máa ń tọ́jú itọ́ sẹ́nu nígbà mìíràn, bóyá n ó nílò rẹ̀.

Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìkòkò omi wa wà, mẹ́rin lórí ìlà, wọ́n rì wọ́n díẹ̀ sínú ilẹ̀, ọmọrí wọn sì jọra. Kò sí àmì lára ìkankan wọn. Láti ẹnu ọ̀nà la ti ń kà wọ́n. Èyí tó wà lápá ọ̀tún, tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù, ni ìkòkò kìíní, omi mímu ló wà níbẹ̀. Ìkejì, omi ìdáná. Ìkẹta ni Ìyá Àgbà ń tọ́jú ògì rẹ̀ sí. Ògì á silẹ̀ sísàlẹ̀, omi rẹ̀ tó ti kan á wà lókè. Ìkẹrin ni omi ìfọṣọ àti ìfọwọ́. Gbogbo ilé mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ti mọ ọwọ́ tó fi ń jẹun, kò sí ẹni tó ronú pé ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwa ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan méjì tó wà láàárín, àwọn ti ìkángun nìkan ni tiwa. Báyìí ni mo ṣe ń dàgbà láì mọ ohun tó wà láàárín, bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ̀ mi sì rí nípa ọ̀pọ̀ nǹkan títí dòní.

Lọ́dún yẹn náà ni mo mọ ìwé kà, kò sì sí ẹni tó lè bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ nínú agbo ilé. Olùkọ́ wa gbé ọ̀pá lé pátákó, ó ní apá òsì ni ohun gbogbo ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà, òǹkà, àti orúkọ ènìyàn. "A gọ́ọ̀ṣì!" la ó jọ pariwo ní èdè Faransé, tí ilé á mì. Mo gbé òfin náà wálé. Mo ń ti apá òsì gbálẹ̀, mo ń ti apá òsì tẹ́ ẹní, mo tilẹ̀ ń ti apá òsì jẹ ẹ̀kọ inú àwo. Ìyá Àgbà wò mí lọ́jọ́ kan títí, ó ní, "Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti rọ́ ọmọ yìí lọ́rùn níbẹ̀?"

Ìyá mi kì í ṣe ọmọ Kétu. Pobè ni wọ́n ti gbé e wá, níbi tí ọ̀pẹ pọ̀ tí omi sì wà nítòsí, Ìyá Àgbà kò sì jẹ́ kó gbàgbé. Bí ó bá sebẹ̀, Ìyá Àgbà á tọ́ ọ wò, á ní, "Ó dára. Àwọn ará Pobè mọ epo dà." Kì í pè é ní "ìyàwó mi" bí ó ti ń pe Ìyálé, tí í ṣe aya ẹ̀gbọ́n bàbá mi. "Ìyàwó Pobè" ló ń pè é. Ohun tí ìyá mi fẹ́ kò ju ilẹ̀ kékeré kan lọ, tí yóò gbin ẹ̀wà àti àgbàdo sí, tí yóò sì lè pè ní tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí agbo ilé, fún un ní ilẹ̀ kan lójú ọ̀nà Odomèta, ṣùgbọ́n ó so ọ̀rọ̀ kan mọ́ ọn: bí òjò gidi bá rọ̀ tí ebè kò bá tíì kún orí rẹ̀, ilẹ̀ di ti Ìyálé, ẹni tó ti ń wá ibi tí yóò gbin ata sí. Bàbá mi wà ní oko tirẹ̀ lápá Kpankou, ibẹ̀ ló ń sùn nígbà iṣẹ́, kò sì lè wà níbi méjì. Ọ̀wẹ̀ nìkan ló kù fún ìyá mi. Àwọn ọkùnrin àdúgbò á wá, wọ́n á bá a kọ ebè láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kò sì ní fún wọn ní nǹkan mìíràn ju oúnjẹ lọ. Bí oúnjẹ bá dára, wọ́n á parí iṣẹ́. Bí kò bá dára, wọ́n á rántí lójijì pé àwọn náà ní iṣẹ́ nílé. Mo wà lẹ́yìn ilé nígbà tí ìyá mi ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé, "Bí ilẹ̀ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ilé bàbá mi ni mò ń padà sí. N kò lè máa jẹ nínú igbá ẹlòmíràn títí ayé." Kò mọ̀ pé mo ń gbọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo pinnu pé n ó ràn án lọ́wọ́, ẹni tó bá sì mọ̀ mí á ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọ̀wẹ̀, ojú ọ̀run ti ṣú lápá ìlà-oòrùn. Òjò tí gbogbo ìlú ti ń tọrọ ti ń bọ̀, ìyá mi nìkan ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù. Àdàlú ẹ̀wà àti àgbàdo ló fẹ́ sè, pẹ̀lú epo tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti Pobè. Ó gbé ìkòkò ńlá kaná, ó da ẹ̀wà àti àgbàdo sí i, ata ṣì wà lórí ọlọ, ó bá pè mí.

"Àbẹ̀ní, bu omi ìkòkò kejì wá. Jẹ́ kó bo ẹ̀wà yìí dáadáa. Yára."

Háà, èmi! Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọn yóò gbà mí láyè láti dé àárín. Mo dúró níwájú ìkòkò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí mo ti ń dúró níwájú pátákó, mo na ìka. Apá òsì, ọ̀kan. Èyí tó tẹ̀ lé e, èjì. Mo ṣí ọmọrí, omi inú rẹ̀ sì funfun díẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn ta mí lólobó, nítorí omi kànga wa pọ́n bí omi tí wọ́n fi fọ ọkọ́. Ṣùgbọ́n ńṣe ni mo yìn ín. Mo ní, abájọ tí wọn kì í jẹ́ ká dé ibí, omi tó mọ́ ni wọ́n ń fi pamọ́ fún ara wọn. Òórùn rẹ̀ ń kọ́? Ọ̀fìnkìn ti dí imú mi láti ìgbà ọyẹ́, kò sí òórùn tó lè rí ọ̀nà gbà níbẹ̀. Mo bu, mo tún bu, mo ń kọ orin tí wọ́n kọ́ wa lábẹ́ àsíá, títí omi fi bo ẹ̀wà. Ìyá mi ń lọ ata, kò wẹ̀yìn. Ilé wa ò sì ṣàì gbóòórùn ògì lọ́jọ́ kan rí, nítorí náà kò fura.

Ẹ̀wà tó bá bá omi kíkan pàdé kì í rọ̀ bọ̀rọ̀. Ìyẹn ni ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú nípa oúnjẹ sísè, ọjọ́ náà sì ni mo mọ̀ ọ́n. Oòrùn gòkè, ẹ̀wà le. Ìyá mi fi igi kún igi, ẹ̀wà le. Ó fi ìka méjì fún ẹyọ kan pọ̀ láti wò ó bóyá ó ti jinná, ẹyọ náà fò jáde, ó ba adìẹ kan lẹ́yìn, adìẹ sì figbe ta. Ó wá ju káún díẹ̀ sí i, bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹ̀wà olóríkunkun. Bí káún ti kan omi ògì, ìkòkò hó yaa, ìfófòó ru sókè, ó dà lé iná lórí, èéfín sì gba gbogbo ilé ìdáná. Mo sá bọ́ síta, mo ń kígbe, "Ẹ̀wà ń bínú o! Ẹ̀wà ń bínú!" Igbe mi yìí ló pe Ìyálé wá, nítorí kò tó kí n ba oúnjẹ jẹ́, mo tún ní láti polówó rẹ̀.

"O kú iná o, ìyàwó," Ìyálé wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ṣé báyìí ni wọ́n ń se ẹ̀wà ní Pobè?"

"Ó kù díẹ̀ ni, Ìyálé mi," ìyá mi dáhùn.

"Ó kù díẹ̀. Ó kù díẹ̀ náà ni kí àwọn tó wà lóko máa bọ̀ wálé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ìyá mi jókòó sórí àpótí. Kò sí ẹ̀wà mìíràn nílé. Omi inú ìkòkò ìdáná ò tó nǹkan, omi mímu sì ni àwọn ọlọ́wẹ̀ yóò mu. Mo rí i tó gbé ojú sókè wo àjà, níbi tí apẹ̀rẹ̀ tó fi kó ẹrù wá láti Pobè wà. Mo mọ ohun tó ń rò, inú mi sì bàjẹ́ débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láì tíì mọ̀ pé èmi ni mo fa gbogbo rẹ̀.

"Ta ló bu omi ògì mi?"

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ohùn Ìyá Àgbà ti wá. Ó wọlé tòun ti igbá lọ́wọ́, ó wo ìfófòó tó ń gbẹ létí iná, ó mú ẹyọ ẹ̀wà kan, ó fi eyín kàn án, ó tutọ́. Kò wo ìyá mi. Èmi ló wò.

"Ìkòkò wo lo ti bu omi?"

"Ìkejì, Ìyá Àgbà."

"Níbo lo ti kà á?"

"Láti apá òsì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa."

Mo dúró de orógùn. Ìyá mi ti kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ má bínú. Mo ti bà á jẹ́."

"Ta ló ní o bà á jẹ́?" Ìyá Àgbà wí. "Dìde. Ẹ̀wà ti dé ibi tó ń lọ, àwa ni a ò tíì bá a débẹ̀. Gbé odó wá. Ìwọ, Apá Òsì, lọ já ewé wá, kí n tó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ọ létí."

Mo sáré lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kì í ṣe orí ọmọ tuntun nìkan ló wọ́, gbogbo ilé ìdáná ló wọ́. Wọ́n gún ẹ̀wà àti àgbàdo náà títí ó fi fọ́, kò kúnná, ó kàn fọ́ ni. Ìyá Àgbà sun àgbàdo gbígbẹ, ó lọ̀ ọ́ ní ìyẹ̀fun, ó dà á pọ̀ mọ́ ọn. Ó dín àlùbọ́sà, ata àti irú nínú epo ìyá mi. Òun fúnra rẹ̀ ló da epo náà, ó sì dà á bí ará Pobè. Wọ́n wá rò ó pọ̀, wọ́n ṣù ú bí ẹ̀ṣẹ́ àgbàlagbà, wọ́n fi ewé wé e. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ju ohun tó kan iṣẹ́ lọ. Mo gbé ewé wá, mo tún gbé e wá, bí wọ́n bá ní kí n já gbogbo ewé Kétu ni, n ó já a.

Nígbà tí a dé oko, àwọn ọkùnrin ti ń fara ti ọkọ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wọ́n kí wa, ẹnu wọn ni wọ́n fi kí wa, ojú wọn wà lára igbá tó wà lórí ìyá mi. Ìdajì ilẹ̀ náà ló ti di ebè, ìdajì kejì ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ, ìkùukùu sì ti dé orí igi. Bàbá Láyẹmí ni olórí wọn, arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ń fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tú ewé tirẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ìyàwó," ó wí, "kí lèyí?"

Ìyá mi yíjú sí Ìyá Àgbà tó wà lẹ́yìn wa. Ìyá Àgbà ló bọ́ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Ẹ̀wà ọ̀wẹ̀ ni. Àbí ẹ ti gbàgbé? Òun ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn tó kọ́kọ́ la igbó ilẹ̀ yìí. Ìyá mi ṣe é, ìyá ìyá mi ṣe é. Àwa la jẹ́ kó parun. Ìyàwó mi yìí ló ní ká jí i dìde, kí ẹ lè mọ̀ pé ilé àgbẹ̀ ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́ lónìí."

Ẹnu àgbà lobì í ti í gbó, ta ni yóò dìde láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ò mọ ohun tí baba ńlá òun jẹ? Bàbá Láyẹmí bu ún jẹ. Ó jẹ ẹ́ lápá ọ̀tún, kò sí eyín níbẹ̀, ó gbé e lọ sápá òsì. Ó jẹ ẹ́ pẹ́. Mo di aṣọ ìyá mi mú. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Láyẹmí na ìka sókè.

"Háà! Mo rántí o! Bàbá mi sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní bí ènìyàn bá jẹ ọ̀kan láàárọ̀, ó di alẹ́. Ó máa ń dúró nínú!"

"Òótọ́ ni," ọkùnrin kan wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ó yẹ kó kan díẹ̀ náà. Ìyá àgbà tiwa máa ń sọ ọ́."

Kí wọ́n tó jẹ èyí tí ó wà lọ́wọ́ wọn tán, gbogbo wọn ló ti rántí. Ẹnì kan tilẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé àwọn sàn ju èyí lọ. Ó sì dúró nínú lóòótọ́, nítorí ohun tí eyín kò bá lọ̀, ikùn ló ń dúró dè. Wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n ṣiṣẹ́ bí ẹni tí àwọn baba ńlá wọn ń wò. Ebè tó kẹ́yìn dúró kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó jábọ́. Àwọn ọkùnrin sáré sábẹ́ igi, ìyá mi dúró láàárín ebè rẹ̀, òjò ń pa á, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, n kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Àgbà ló pè é.

"Ìyàwó mi, bọ́ sábẹ́ igi. Òtútù á mú ọ."

Mo gbọ́ ọ, ìyá mi náà gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ni "ìyàwó Pobè" ti tán lẹ́nu Ìyá Àgbà. Èmi ni orúkọ tuntun kù fún. Nílé wa, kò sí ẹni tó pè mí ní Àbẹ̀ní mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Apá Òsì ni mí, àwọn àbúrò mi tí a kò tíì bí lọ́jọ́ náà pàápàá bá orúkọ yìí nílẹ̀, wọ́n sì ń pè mí bẹ́ẹ̀ títí dòní níwájú ọkọ mi àti níwájú àna mi. Mo ráhùn lọ́jọ́ kan fún Ìyá Àgbà. Ó ní kí n dákẹ́, ó ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, tòsì la fi ń fà á mọ́ra, nítorí náà orúkọ ìfẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà náà kò sì tán lóko. Nígbà tí iṣẹ́ ìkórè kan, Ìyálé fúnra rẹ̀ wá bi ìyá mi bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀wà ọ̀wẹ̀, nítorí àwọn tó fẹ́ bẹ̀ lọ́wẹ̀ ní àwọn kò ní jẹ nǹkan mìíràn. Ilé kejì gbà á, àdúgbò kejì gbà á. Ó dé Odomèta, ó dé Kpankou. Mo ti di ọmọge tó ń múra àtilọ sí Kutọnu kí n tó ní ìgboyà láti bi Ìyá Àgbà bóyá irọ́ ló pa lọ́jọ́ náà. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, kò gbójú sókè.

"Ṣé àwọn baba ńlá wa kò jẹ ẹ̀wà ni?"

"Wọ́n jẹ ẹ́, Ìyá Àgbà."

"Ṣé wọn kò ṣe ọ̀wẹ̀?"

"Wọ́n ṣe é."

"Kí ló wá kù?"

Ìyá Àgbà ti lọ tipẹ́. Nígbà tí olùkọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dèlé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í káàkiri láti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kí ọ̀nà oko àti oúnjẹ wa má bàa parun, kò sí ibi tí wọ́n dé tí wọn kò sọ ti ẹ̀wà ọ̀wẹ̀ fún wọn. Nínú ìwé náà, ó wà níbẹ̀ gbangba pé òun ni wọ́n ń jẹ nígbà tí wọ́n ń tẹ ìlú dó. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ fún Dèlé pé àwọn ọdẹ ló kọ́kọ́ gbé e wọ igbó. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìyá àgbà mi ló jí i dìde, wọ́n wá bá èmi tí mo ti wálé sinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo la ẹnu láti sọ bó ṣe rí gan-an, torí mo fẹ́ràn ìtàn náà, èmi ló sì ń pa lẹ́rìn-ín jù. Ìyá mi wúkọ́. Mo pa ẹnu dé. Ìgbà náà gan-an ni wọ́n ya fọ́tò yẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìwé náà han aráyé, iwájú mẹrí, ilé ìjọba ìlú wa, ni wọ́n pàgọ́ sí. Àwọn àgbẹ̀ gbé iṣu, àgbàdo àti oríṣiríṣi ẹ̀wà wá, wọ́n tẹ́ wọn sórí ẹní. Àwọn tó sọ̀rọ̀ nínú ìwé jókòó níwájú, olúkúlùkù ń wá ojú ewé tirẹ̀, ẹni tí kò mọ ìwé kà ń fi ìka tẹ fọ́tò ara rẹ̀. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Mo rí arúgbó kan tó gbé ìwé náà máyà, ó ní òun ò mọ̀ pé ohun tí òun ń sọ fún àwọn ọmọ òun lóko tó ohun tí a ń tẹ̀. Ojú mi gbóná, mo fi ìdí gèlè nù ún.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́lá, wọ́n gbé oúnjẹ wá. Àwọn ọmọbìnrin kọlẹ́ẹ̀jì ló se ẹ̀wà ọ̀wẹ̀, bí ìwé ti wí, pẹ̀lú omi ẹ̀rọ tó mọ́ gaara. Ilẹ̀ ojú ọ̀nà Odomèta ni ẹ̀wà náà ti wá, àbúrò mi ọkùnrin ló ń dá oko náà báyìí. Nítorí pé ìyá mi ni àgbà jù níbẹ̀, tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá. Dèlé mú míkíròò dání, ó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ bí yóò ṣe yìn ín. Ìyá mi bu díẹ̀ sẹ́nu. Ó pa ojú dé.

"Kì í ṣe èyí," ó wí.

Dèlé tẹríba. "Kí ló ṣe é, Màmá?"

"Ó ti rọ̀ jù."

Ìyá mi ló sọ ọ́ o, ẹni tí kò ku eyín kan lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin wo ara wọn. Dèlé ní, "Màmá, ṣé kò yẹ kó rọ̀ ni?"

"Ìyá ọkọ mi kò sè é báyìí. Ó ń le díẹ̀, ó ń kan díẹ̀. Ẹ ò lo omi rẹ̀." Ó na ìka sí mi. "Ọmọ mi ló mọ omi rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ bù ú. Ẹ bi í léèrè ìkòkò tó ti bù ú."

Míkíròò dé iwájú ẹnu mi. Mo wo ìyá mi. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Gbogbo ìlú ń wò mí, èmi ògbóǹtarìgì, pẹ̀lú gèlè mi.

"Ìkòkò kejì," mo wí. Mo tún gèlè mi ṣe. "Láti apá òsì."

Pátẹ́wọ́ gba àgọ́. Dèlé kéde pé bí wọ́n bá tún ìwé náà tẹ̀, yóò wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, pé ọ̀nà àtijọ́ gidi nìyẹn. Ìyá mi kò lè mú ẹ̀rín mọ́ra mọ́, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó di ọrùn mi mú, ó fà mí mọ́ra níwájú gbogbo wọn. Ọwọ́ òsì ló fi fà mí.